BODMAS kò ní kí ẹ ṣe àròpọ̀ ṣáájú àyọkúrò

Ẹ wo ìṣirò yìí: 10 − 4 + 3. Ẹni tó bá ní 3 ni ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe olódo, ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ ló ń tẹ̀ lé. Wọ́n ní A (àròpọ̀) ṣáájú S (àyọkúrò) nínú BODMAS, àwọn lẹ́tà tí wọ́n fi ń rántí èyí tó yẹ ká kọ́kọ́ ṣe nínú ìṣirò, torí náà ẹ kọ́kọ́ ro 4 pọ̀ mọ́ 3, kí ẹ wá yọ 7 kúrò nínú 10. Kò rí bẹ́ẹ̀. 9 ni.

Ẹ sọ ọ́ di owó. ₦10,000 wà lọ́wọ́ yín, ẹ fi ₦4,000 ra epo, ẹnì kan wá san ₦3,000 tó jẹ yín. Èló ló kù lọ́wọ́ yín? Kò sẹ́ni tó máa sọ pé ₦3,000, àfi tí ₦3,000 yẹn bá jẹ́ owó tí ẹ tún ná. Ìyẹn sì ti di 10 − (4 + 3), ìṣirò mìíràn. Ẹni tó kọ́kọ́ ro 4 pọ̀ mọ́ 3 ti fi àkámọ́ síbi tí kò sí, kò kàn mọ̀ ni.

Àmì àyọkúrò kì í dá dúró. Nọ́ńbà tó wà lọ́tùn-ún rẹ̀ ló dì mú, òun nìkan. Nínú 10 − 4 + 3, 4 ló ń bá wí, kò kan 3 rárá. Èdè wa pàápàá mọ èyí: nínú márùndínlógójì, márùn-ún ni "dín" so mọ́, kò sẹ́ni tó máa fi yọ ogójì. Ohun mẹ́ta la fẹ́ rò pọ̀, nígbà náà: 10, −4 àti 3. Nígbà tó sì ti di àròpọ̀ pátá, ẹ tò wọ́n bó ṣe wù yín. 3 + 10 − 4 jẹ́ 9, −4 + 3 + 10 náà jẹ́ 9. Kìkì pé tí ẹ bá ń ṣí 4 nípò, kí ẹ gbé àmì rẹ̀ dání. Ẹni tó bá kọ ọ́ ní 4 − 10 + 3 á bá ara rẹ̀ ní −3.

Lẹ́tà mẹ́fà ló wà nínú BODMAS, ṣùgbọ́n ipele mẹ́rin péré ni: àkámọ́, agbára nọ́ńbà (bíi 3²), lẹ́yìn náà pípín àti ìsọdipúpọ̀ tí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́, àròpọ̀ àti àyọkúrò tí àwọn náà jẹ́ ẹgbẹ́. Àwọn tó bá jẹ́ ẹgbẹ́, láti òsì lọ sí ọ̀tún ni kí ẹ ti ṣe wọ́n. Ìdí nìyẹn tí 10 − 4 − 3 fi jẹ́ 3, tí 24 ÷ 4 ÷ 2 náà sì jẹ́ 3.

PEMDAS, irú BODMAS tiwọn, ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ní Amẹ́ríkà, M (ìsọdipúpọ̀) ló sì ṣáájú D (pípín) níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé lẹ́tà ló ń pàṣẹ ni, 24 ÷ 4 × 2 á jẹ́ 12 ní Ìbàdàn, á wá di 3 ní Chicago. 12 ni níbi méjèèjì.

Ohun tí kì í jẹ́ kí àṣìṣe yìí tètè hàn ni pé D ṣáájú M kì í pa ẹnikẹ́ni lára. Ẹ mú 6 × 8 ÷ 4. Láti òsì, 48 ÷ 4, ìyẹn 12. Ẹ kọ́kọ́ pín, 6 × 2, 12 náà ni. Tísà á máa mákì í ní góòdù, ọmọ á sì gbà pé bí lẹ́tà ṣe tò lòfin. A ṣáájú S ló ń ṣe jàǹbá, òun náà kìkì ìgbà tí àmì − bá wà lápá òsì àmì +. 10 + 4 − 3 kò lè ṣì yín lọ́nà, 11 ni lọ́nàkọnà. Ká ní BODMSA ni wọ́n sọ ọ́ ni, bóyá à bá má kọ èyí rárá.

Ẹ má fi ẹ̀rọ ìṣirò kékeré, irú èyí táwọn onísọ́ọ̀bù ń lò, parí iyàn àkámọ́ tàbí ipele. Bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ń ṣírò: ẹ tẹ 2 + 3 × 4, 20 ló máa jáde. Èyí táwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì ń gbé wọ yàrá ìdánwò á fún yín ní 14, òun ló tọ̀nà. Lórí ti kékeré, ẹ tẹ 3 × 4 ná, kí ẹ tó tẹ + 2. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ 10 − 4 + 3 sórí méjèèjì, 9 ni wọ́n máa gbé jáde.