Ọ̀nà kan ò wọjà

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọjà. Ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, ẹni tó ti Mọ̀ọ́rè bọ̀ àti ẹni tó ti Ìlódè bọ̀ lè pàdé nídìí ẹlẹ́ran kan náà ní ọjà Odò-Ògbè, kí ẹnikẹ́ni má sì bi wọ́n léèrè ọ̀nà tí wọ́n gbà. Òwe yìí ló bọ́ sí mi lẹ́nu lálẹ́ ọjọ́ tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ju fóònù sórí bẹ́ẹ̀dì, tó ní, "Àǹtí, wọ́n ti bà á jẹ́!"

The Last of Us ni wọ́n bà jẹ́. Ọdún 2013 ni géèmù náà jáde, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n HBO sì sọ ọ́ di fíìmù tẹlifíṣọ̀n ní 2023. Nínú géèmù, lẹ́búlẹ́bú olú tí ń fò nínú afẹ́fẹ́ ló ń kó àrùn ranni, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bo imú àti ẹnu. Apá kìíní fíìmù yọ ìyẹn kúrò, ó fi fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń yọ lẹ́nu aláàrùn rọ́pò rẹ̀. Ọmọ yìí gbà á bí ẹni tí wọ́n wọ́ nílẹ̀. Mo ní, bí òṣèré bá fi ìbòjú bojú, níbo la ó ti rí ẹkún rẹ̀? Ìwọ tó ń gbá géèmù, ìwọ fúnra rẹ lò ń sá, tí àyà rẹ ń já. Ẹni tó ń wo fíìmù ò rí nǹkan kan dì mú ju ojú òṣèré lọ.

N kò ní kó panu mọ́ o. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀, ìtàn náà sì ní orí. Orí ìtàn yìí kì í ṣe olú. Joel ni, tí ọmọ rẹ̀ kú sí i lọ́wọ́, tó wá fẹ́ràn Ellie, ọmọ ọlọ́mọ, débi pé kò lè yọ̀ǹda rẹ̀ mọ́. Ká ní wọ́n yọ ìyẹn ni, èmi náà ì bá bá a pariwo.

Ìlú wa yìí ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ní 1968, Ọlá Rótìmí mú ìtàn Oedipus àwọn ará Gíríìsì, ó sọ ọ́ di eré orí ìtàgé, The Gods Are Not to Blame, Ifẹ̀ níbí ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ ṣe é. Ọba di Ọdẹ́wálé, ìlú di Kútùjẹ́, babaláwo ló ń sọ ohun tí ń bọ̀. Aṣọ yí padà látòkèdélẹ̀, àmọ́ ọmọ ṣì pa bàbá, ó ṣì fẹ́ ìyá.

Mo mọ bó ṣe ń dun ọmọ yìí, nítorí bàbá mi máa ń ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ sí wa létí lálẹ́, ìwé tí Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó tí kò jìnnà sí wa, gbé jáde ní 1938. Lọ́jọ́ kan, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi fi èédú ya Àgbákò, iwin olójú 16 inú ìwé náà, sára ògiri ẹ̀yìnkùlé. Ohùn kan náà la gbọ́, iná àtùpà kan náà la jókòó tì, síbẹ̀ Àgbákò tèmi ò jọ tirẹ̀ rárá. A fẹ́rẹ̀ẹ́ lu ara wa. Tirẹ̀ tinrín, ó gùn bí ọ̀pẹ, tèmi sanra. Títí dòní, tèmi yẹn ni mo ń rí bí mo bá ṣí ìwé náà.

Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ní 2019, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi díẹ̀ hàn nínú fíìmù Sonic, ẹranko inú géèmù kan, àwọn tó mọ̀ ọ́n láti inú géèmù pariwo pé eyín rẹ̀ jọ ti ènìyàn, ojú rẹ̀ sì kéré jù. Wọ́n fọwọ́ sí ibi tó ń dùn wọ́n. Àwọn tó ṣe fíìmù tún un yà, wọ́n sún fíìmù náà sí oṣù kejì 2020. Lọ́dún 2019 yẹn kan náà, ó lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn tó fọwọ́ síwèé pé kí wọ́n tún apá kẹjọ fíìmù tẹlifíṣọ̀n Game of Thrones ṣe. Kò sẹ́ni tó tún un ṣe. Àwọn ti Sonic ní ibi báyìí ló ń jò. Àwọn kejì ní kí wọ́n wó ilé tí wọ́n ti kọ́ tán.

Èyí tí mi ò lè fara mọ́ ni èébú. Bella Ramsey, tó ṣe Ellie, kí fíìmù tó jáde ni wọ́n ti ń bú u pé ojú rẹ̀ ò jọ ti inú géèmù. Ọmọ ẹlòmíràn ni. Òun kọ́ ló kọ ìtàn, òun kọ́ ló yan ara rẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ títí. Ó mú fóònù, ó pa nǹkan tó ti ń kọ rẹ́, ó wá bi mí pé bí wọ́n bá fẹ́ ṣe fíìmù Àgbákò, ta ni mo fẹ́ kó ṣe é. Mo ní kó kọ́kọ́ wá bébà àti bírò.