Arúgbó ni wọ́n, ẹ jẹ́ ká tọ́jú wọn

Ìròyìn yìí pé àwọn arúgbó gay àti lesbian (ọkùnrin tó ń fẹ́ràn ọkùnrin, obìnrin tó ń fẹ́ràn obìnrin) l'Amẹ́ríkà ń bẹ̀rù ilé ìtọ́jú arúgbó, ó ká mi lára o. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe n'Íkòròdú níbí, ẹni tó ń wẹ̀ fún ẹ tó ń pààrọ̀ pámpásì ẹ, kí lo fẹ́ fi pamọ́ fún un? Àgbàlagbà wá ń yọ fọ́tò olólùfẹ́ ẹ̀ kúrò lára ògiri kí nọ́ọ̀sì má baà kanra mọ́ ọn! California ṣòfin lọ́dún 2017 láti dáàbò bò wọ́n, òfin tiwa ní Nàìjíríà t'ọdún 2014 ńkọ́, ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ló wà níbẹ̀ fún ọkùnrin tó bá bá ọkùnrin ṣègbéyàwó. Òkété tó dàgbà tí ò lọ́mọ, ọmú ta ló fẹ́ mu? Ẹ̀yin tá a jọ ń ṣiṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wẹ̀ fún wọn, ẹ má bi wọ́n ta ni wọ́n fẹ́.