Iṣẹ́ mélòó ló yẹ kó wà lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà?

Ọmọ Táńkì: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Àwa márùn-ún la wà ní ọ́fíìsì wa ní Táńkì, ní Ìlọrin, sọ́fítíwíà la ń kọ fún ilé ìwé, ṣọ́ọ̀bù àti kẹ́mísìtì. Kí Iléyá tó dé, iṣẹ́ méjìlá ló wà lọ́wọ́ wa, a ti gba àsansílẹ̀ lórí gbogbo rẹ̀, ọ̀kan ò sì parí níbẹ̀. Mo lẹ ìwé ńlá mọ́ ara ògiri, mo pín in sí mẹ́ta: "ó ń dúró", "ó wà lọ́wọ́", "ó ti parí". Mo ní èyí tó wà lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ ju mẹ́rin lọ. Kanban làwọn ará Jàpáànù ń pè é, ara ọ̀nà iṣẹ́ tí à ń pè ní lean ni, èyí tó dá lórí gígé òfò kúrò nínú iṣẹ́. Ọ̀gá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún ní ọgbọ́n àwọn tó ń ṣe mọ́tò ni, pé kò bá iṣẹ́ wa mu. Kí lẹ̀yin rí sí i?

Bọ̀dá Sáńgo: Àbúrò, òótọ́ lọ̀gá yẹn sọ. Ẹni tó ń to mọ́tò, ọ̀kan náà ló ń tò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Bí ọ̀kan bá yàtọ̀ sí èkejì, àléébù ni. Àwa kì í kọ áàpù kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá jẹ́ ọ̀kan náà ni, a ó kàn ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ni. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, ìwé ara ògiri ò tíì jẹ́ kí oníbàárà kan mọ ohun tó ń fẹ́.

Ọmọ Ahunṣọ: Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ìdí mọ́tò kọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí òfì ni. Sakichi Toyoda, bàbá Kiichiro tó dá ilé iṣẹ́ mọ́tò Toyota sílẹ̀ ní 1937, òfì ló ń ṣe. Ní 1924, wọ́n gbé òfì kan jáde tó ń dá ara rẹ̀ dúró bí òwú bá já, tí ẹnì kan ṣoṣo fi wá lè máa bójú tó ọ̀pọ̀ òfì. Nígbà tí ọgbọ́n yẹn dé ilé iṣẹ́ mọ́tò, ó di okùn tí òṣìṣẹ́ èyíkéyìí tó bá rí àléébù lè fà kí iṣẹ́ lè dúró.

Ìyá mi ń hun aṣọ òkè ní Ìlọrin níbí. Bí òwú bá já, wọn kì í sọ pé àwọn á tún un ṣe lọ́la. Wọ́n á dúró, wọ́n á so ó, nítorí gbogbo ohun tí wọ́n bá hun lé e lórí ló máa gbé àléébù náà lọ. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé kọ́ọ̀dù, ìyẹn àṣẹ tí à ń kọ fún kọ̀ǹpútà, ti bàjẹ́, ńṣe là ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé "a ó tún un ṣe", a ó sì máa bá tiwa lọ. Nígbà tó ku ká gbé iṣẹ́ náà fún oníbàárà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi wá ibi tí òwú ti já.

Bọ̀dá Sáńgo: N kò mọ ti òfì yẹn tẹ́lẹ̀, o ṣeun. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹni tó ń dá àrà yàtọ̀ sí iṣẹ́ ẹni tó ń hun ún. Ẹni tó ń dá àrà lè dán àwọ̀ mẹ́fà wò kó da márùn-ún nù. Ṣé òfò nìyẹn?

Ọmọ Ahunṣọ: Kì í ṣe òfò, bó bá ti rí ẹ̀kọ́ kọ́ lára márùn-ún yẹn. Mary àti Tom Poppendieck ará Amẹ́ríkà, tí wọ́n kọ̀wé lórí bí lean ṣe lè wọ iṣẹ́ sọ́fítíwíà ní 2003, ka kíkọ́ ẹ̀kọ́ mọ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ohun tí wọ́n kà sí òfò ni iṣẹ́ àbọ̀, iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ wá, fífò láti orí iṣẹ́ kan sí òmíràn, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ àbọ̀ ló burú jù lójú tèmi. Ní ilé iṣẹ́ mọ́tò, ọjà tó wà nílẹ̀ á máa dí ọ̀nà, gbogbo èèyàn á rí i. Kọ́ọ̀dù tí ẹnikẹ́ni ò tíì lò kì í dí ọ̀nà ẹnikẹ́ni. Inú kọ̀ǹpútà ló máa wà.

Ọmọ Táńkì: Ohun tó mú mi lẹ ìwé mọ́ ògiri nìyẹn gan-an, kí n lè rí i. Ìṣirò rẹ̀ ò le: John Little, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn ní 1961. Bí iṣẹ́ méjìlá bá wà lọ́wọ́, tí ẹ sì ń parí mẹ́ta lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni ọ̀kọ̀ọ̀kan á máa gbà ní ìpíndọ́gba. Ẹ dín in sí mẹ́fà, bí ẹ bá ṣì ń parí mẹ́ta, ó di ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹnikẹ́ni ò sì ní láti sáré.

Àǹtí Ọ̀fà: Ẹ̀yin ń kọ sọ́fítíwíà. Àwa tí à ń bójú tó kọ̀ǹpútà ńkọ́? Ilé ìwé kan ní Ọ̀fà ni mo wà, èmi àti ọmọkùnrin kan péré. Pirintà ò tẹ̀wé, íntánẹ́ẹ̀tì lọ, bọ́ọ̀sà ò rántí páásíwọọ̀dù lọ́jọ́ owó oṣù. Ṣé kí n sọ fún bọ́ọ̀sà pé iṣẹ́ mẹ́rin ti wà lọ́wọ́ mi ni?

Ọmọ Ahunṣọ: Rárá o, Àǹtí. Ẹ ya àyè kan sọ́tọ̀ fún pàjáwìrì, kó má ju ọ̀kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ kọ gbogbo ohun tí wọ́n ń pè yín sí sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó nílò nǹkan tuntun wà níbẹ̀, ẹni tó ń pè torí pé a ò ṣe nǹkan kan dáadáa níṣàájú náà wà níbẹ̀. Ti ẹni kejì yìí, ẹ má wá bí ẹ ó ṣe tètè dá a lóhùn, ẹ wá bí kò ṣe ní pè mọ́.

Ọmọ Ìgbómìnà: Òmù-Àrán ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín, ọkàn mi ò sì balẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan tí mo bá ṣiṣẹ́ ní Èkó gbé lean yìí wá, wọ́n ní òfò làwọn fẹ́ gé. Èèyàn ni wọ́n gé. Àwa mẹ́sàn-án di mẹ́rin, iṣẹ́ ò dín. Lẹ́yìn ìyẹn, bí ẹnì kan bá rí àléébù, ńṣe ló máa dákẹ́, kí wọ́n má baà ní òun ló fà á.

Ọmọ Táńkì: Ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an. Ohun méjì ni Toyota fúnra wọn kọ sílẹ̀ ní 2001 pé ó gbé ọ̀nà wọn dúró: kí iṣẹ́ máa dára sí i lójoojúmọ́, àti ọ̀wọ̀ fún èèyàn. Àwọn yẹn mú ọ̀kan, wọ́n ju ìkejì nù. N kò lè bá yín jiyàn pé kò ṣẹlẹ̀.

Bọ̀dá Sáńgo: Kò sẹ́ni tó tíì sọ̀rọ̀ owó. Kí ló dé tí iṣẹ́ fi di méjìlá? Àsansílẹ̀ ni. Owó oníbàárà tuntun la fi ń san owó oṣù, òun la fi ń ra epo jẹnẹrétọ̀ láti parí iṣẹ́ ti àtijọ́. Bí o bá ní mẹ́rin péré, kí lo máa fi san owó oṣù?

Ọmọ Táńkì: Ibi tó ti dùn mí jù nìyẹn, Bọ̀dá. Mi ò kì í gba àsansílẹ̀ mọ́ títí iṣẹ́ á fi kan ẹni náà. Déètì ni mo ń fún un. Oníbàárà méjì ti bá ẹlòmíràn lọ. Oṣù àkọ́kọ́, èmi ò gba owó kankan kí àwọn ọmọ tó kù lè gba tiwọn. Ní oṣù kejì, iṣẹ́ mẹ́rin parí, owó tó kù lórí wọn sì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà.

Àǹtí Ọ̀fà: Mo ti padà dé, ọ̀sẹ̀ méjì pé. Páásíwọọ̀dù ló pọ̀ jù nínú ohun tí mo kọ sílẹ̀. Mo bèèrè ohun tó fà á, mo tún bèèrè ohun tó fa ìyẹn. Ibi tó já sí ni pé kọ̀ǹpútà ń fipá mú wọn yí i padà lóṣooṣù, wọ́n ń kọ ọ́ sí pélébé ìwé, ìwé ń sọnù. Èmi ni mo ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láti 2017 ni àjọ NIST ti Amẹ́ríkà, tó ń gbé ìlànà ìmọ̀ ẹ̀rọ kalẹ̀, ti ní kí a má fipá yí i láìsí ìdí. Mo ti yọ ọ́ kúrò lánàá.

Bọ̀dá Sáńgo: Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Ọmọ Táńkì, ìbéèrè kan ló kù. Méjìlá ló wà nílẹ̀, mẹ́rin lo mú. Mẹ́jọ tó kù ńkọ́, tí o ti gba owó wọn?

Ọmọ Táńkì: Mo pe àwọn tó ni ín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo sọ ọjọ́ tí tiwọn máa kàn fún wọn. Àwọn mẹ́fà gbà láti dúró. Mo dá owó ẹnì kan padà. Ìkẹjọ ò tíì gbé fóònù, owó rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi.