Fújì Wà Lára Ògiri

Àwọn ẹgbẹ́ mi tó jápa, Kánádà ni wọ́n gbà lọ. Èmi fi "n" kan lé jápa, mo bá ara mi ní Japan. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń gbé Adachi, lápá àríwá Tokyo, kò sì tíì sí ẹni tó pariwo mọ́ mi. Kò tíì sí ẹni tó pariwo rárá. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, bàbá onílé mi kanlẹ̀kùn. "Adé-san, ẹ jẹ́ ká jọ lọ wẹ̀." Mo ní, "Ẹ ṣé, sà, balùwẹ̀ wà nílé." Bàbá wò mí bí ẹni tí wọ́n pè sí òde ìyàwó tó ní òun ti jẹun wá.

Sentō ni wọ́n ń pe ibẹ̀, ilé ìwẹ̀ àdúgbò. Ẹ san yen 550 lẹ́nu ọ̀nà, ẹ bọ́ bàtà, ẹ bọ́ ẹ̀wù, ẹ bọ́ ṣòkòtò. Mo dúró. Bàbá ní ó kù. Mo wo ohun tó kù. Tówẹ́ẹ̀lì tí wọ́n gbé fún mi kò ju aṣọ ìnujú lọ: ṣé iwájú ni kí n fi bò ni, àbí ẹ̀yìn? Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá rìn báyẹn láàárín àwọn bàbá, Aró l'Abẹ́òkúta ni wọ́n ń gbé e lọ.

Mo ti fẹ́ kó sómi kí n fi bo àṣírí, ni bàbá bá di apá mi mú. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wẹ̀. Ẹ gbọ́ ná: a ó wẹ̀ ká tó lọ wẹ̀! A jókòó lórí àpótí kékeré. Láàárín ìṣẹ́jú méjì, mo ti parí. Bàbá ṣì wà lẹ́yìn etí òsì. Nígbà tó débi ọmọ ìka ẹsẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń mú wọn, bí ìyá tó ń bó ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín. Ó wò mí, kò sọ nǹkan kan. Mo padà lọ fọ etí.

Omi wá kù. Omi tí mo fi ro àmàlà lánàá tutù jù ú lọ. "Yéè" dé ọ̀fun mi, mo gbé e mì. Àwọn bàbá méje jókòó sínú ẹ̀, wọ́n ká tówẹ́ẹ̀lì lé orí torí pé kò gbọdọ̀ kan omi, ẹ ó ní aláàárù ni wọ́n, tí wọ́n sọ ẹrù tí wọ́n gbàgbé òṣùká. Kò sẹ́ni tó fọhùn. Fàájì nìyẹn o! N'Ìbàdàn, bí àríyá ò bá jí ọmọ tuntun tó wà ládùúgbò kejì, wọ́n á ní oúnjẹ ò kárí.

Bí mo ṣe gbójú sókè, òkè ńlá kan ni wọ́n kùn sára ògiri, orí ẹ̀ funfun bíi fìlà Àlùfáà. Mo bi bàbá pé kí lèyí. "Fuji-san." Mítà 3,776, kò sí òkè tó ga tó o ní Japan. Ó ní ilé ìwẹ̀ kan ní Kanda ló kọ́kọ́ yà á sára ògiri, lọ́dún 1912.

Mo dìde. Kò yẹ kí n dìde. Mo ní, "Sà, tiwa náà nìyẹn!" Mo ṣàlàyé àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi orin wéré jí Mùsùlùmí fún sààrì, àti bí Síkírù Àyìndé Barrister ṣe rí àwòrán òkè yìí gan-an ní pápákọ̀ òfurufú, tó fi sọ orin tiẹ̀ ní fújì. Bàbá ní, "Báwo ló ṣe ń dún?"

Ta ló rán an níṣẹ́? Mo tú ohùn sílẹ̀. Ògiri ń gbà á, ó ń dá a padà, ara mi ti ń yá. Ni bàbá kan bá la ojú. Ojú kan péré. Mo jókòó wọ̀ọ̀.

A jáde, a mu wàrà oní kọfí tútù nínú ìgò, ọwọ́ kan ní ìbàdí, bí wọ́n ṣe ń mu ún nìyẹn. Bàbá wá ní ibì kan wà fún ariwo.

Karaoke: ẹ̀rọ á máa lu orin, ẹ̀yin á máa kọ ọ́. Inoue Daisuke ló ṣe ẹ̀rọ kan jáde fún un ní Kobe lọ́dún 1971, kò gba ìwé ẹ̀tọ́ lé e lórí. Ká ní ọmọ Ìjẹ̀bú ni! Wákàtí ni wọ́n fi ń ra ariwo níbẹ̀. Bàbá ti ilẹ̀kùn yàrá kékeré náà, ó di gbohùngbohùn mú, ó dijú. Ọkùnrin tó ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọmọ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó fi enka, orin ìbànújẹ́ àtijọ́ wọn, gbọn àwo lórí tábìlì. Omijé bọ́. Ẹ̀rọ fún un ní máàkì 91.

Ó kàn mí. Mo tẹ "fuji". Orin ọmọ iléèwé nípa òkè yẹn ló jáde. Mo pa ẹ̀rọ tì, mo fẹnu lásán kọ tèmi, bàbá gbé tanboríìnì. Mo kì í, mo ki ilé ẹ̀, mo ki owó ilé tí kò fi kún láti ọdún mẹ́ta. Mo sọ ohun tí wọ́n ń ṣe fólórin lọ́dọ̀ wa fún un.

Bàbá ronú. Ó yọ owó yen 1,000 kan, ó fi ọwọ́ tẹ́ ẹ lórí orúnkún títí ó fi jọ tuntun, ó yí ẹ̀yìn ẹ̀ síta. Òkè Fuji ló wà níbẹ̀. Ó fọwọ́ méjèèjì mú un, ó tẹríba, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ mi níwájú orí.

Ó sún sẹ́yìn, ó wò ó. Ó ní ó wọ́. Ó padà wá tún un lẹ̀.