Bí Ó Bá Bàjẹ́ Ńkọ́?

Ní Sátidé tó kọjá, mò ń bá ọ̀gá wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù nínú pálọ̀. Màámi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Mo ní, "Bí bátìrì ẹ̀ bá kú ńkọ́? Bí iná bá jó ilé tí kọ̀ǹpútà wà ńkọ́? Bí ẹni tó mọ páṣíwọ́ọ̀dù bá kú ńkọ́?" Ni mo bá gbọ́ gbì! Wọ́n ti gbé àwo ẹ̀gúsí jù sílẹ̀. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ṣé torí kí o lè máa ṣépè la ṣe rán ẹ lọ sí yunifásítì?"

Mi ò bá wọn jiyàn. Ohun tí wọ́n ń sanwó oṣù fún mi lé lórí kúkú nìyẹn. Systems analyst ni wọ́n ń pe iṣẹ́ mi. Àwa mẹ́rin la wà nínú yàrá kan ní Mayfair, nílé-Ifẹ̀ níbí, à ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń bá sátẹ́láìtì kéékèèké sọ̀rọ̀ láti ilẹ̀. Àwọn yòókù ń kọ ọ́, èmi ń bi wọ́n pé bí ó bá bàjẹ́ ńkọ́. Ohun tó wà lókè kì í ṣe ọ̀kadà tí èèyàn á tì lọ bá mẹkáníìkì ní Sábó. Ìtànṣán láti òfurufú lè gba inú mẹ́mórì kọjá, kó sọ òdo di ení, kí kọ̀ǹpútà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń gbé kọ̀ǹpútà mẹ́ta sínú àwọn sátẹ́láìtì kan kí wọ́n máa dìbò: ohun tí méjì bá fẹnu kò sí ni wọn ó ṣe. (Ìbò tí kò ní màgòmágó ṣì wà láyé o, òkè ọ̀hún ló wà.) Aago kan tún wà tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ máa dá a lóhùn lóòrèkóòrè. Bí ó bá dákẹ́ jù, aago á pa á, á sì tún un tàn.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni "a ní méjì". Ibì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, tí mi ò ní dárúkọ, jẹnẹrétọ̀ méjì ni wọ́n ní, wọ́n sì ń fi yangàn. Lọ́jọ́ kan iná lọ. Wọ́n tan èkíní, ó wúkọ́, ó kú. Wọ́n sáré tan èkejì, òun náà wúkọ́, ó kú. Kẹ́ẹ̀gì kan náà ni wọ́n ti bu bẹntiróò sí méjèèjì, omi ló sì wà nínú kẹ́ẹ̀gì náà.

Ẹ má fi wá rẹ́rìn-ín, ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn òyìnbó náà. Ní June 4, 1996, Ariane 5, rọ́kẹ́ẹ̀tì àwọn ará Yúróòpù, gbéra fún ìgbà àkọ́kọ́. Kò tíì tó ìṣẹ́jú kan tó fi fọ́ sójú ọ̀run. Ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n gbé wá láti ara Ariane 4, rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ṣáájú rẹ̀, ló fẹ́ rọ́ nọ́ńbà ńlá kan sínú àyè tí kò gbà á. Wọ́n ní ẹ̀rọ ìdúródè o, èyí tó yẹ kó gbaṣẹ́ bí èkíní bá kú! Àmọ́ ètò kan náà ló wà nínú rẹ̀. Ìdúródè gan-an ló kọ́kọ́ kú, kí èyí tó ń ṣiṣẹ́ tó tẹ̀ lé e.

Tiwa ńkọ́? NigComSat-1, sátẹ́láìtì Nàìjíríà, gòkè ní 2007. Ní 2008 wàhálà bá pánẹ́ẹ̀lì tó ń gba iná oòrùn fún un, ó sì kú. NigComSat-1R tó rọ́pò rẹ̀ gòkè ní December 2011, owó ìnṣọ́ránsì ló sì gbé e. Ẹnìkan jókòó sí ọ́fíìsì kan kí sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ yẹn tó kúrò nílẹ̀, ó ní, "Bí ó bá kú ńkọ́?" Ó dá mi lójú pé ẹlòmíràn nínú yàrá náà ti ń ṣe "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" lábẹ́nú.

Ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti tọ́ mi, mi ò kí ń ṣe oníṣẹ̀ṣe. Ṣùgbọ́n Ifẹ̀ la wà, Òkè Ìtasẹ̀ ò jìnnà sí wa. Babaláwo tó bá dá Ifá á bèèrè bóyá ire ni tàbí ibi. Bó bá jẹ́ ibi, á bèèrè èwo nínú ibi: ikú ni, àrùn ni, òfò ni, ẹ̀gbà ni, ọ̀ràn ni? Wọn á wá yan ẹbọ tó bá a mu. Àwọn tó ṣẹ̀dá ètò yẹn ò sá fún orúkọ ibi. Ìgbà wo la wá di ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ ọ rárá, tó jẹ́ pé àmín nìkan la ní fún bátìrì?

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo tẹ ìwé àwọn ìbéèrè mi jáde fún ìpàdé. A dé orí ẹni tó mọ páṣíwọ́ọ̀dù. Ẹni náà fúnra rẹ̀ jókòó síwájú mi, ojú ẹ̀ le koko. Ó ní kí n yọ ọ́ kúrò. Mo ní mi ò yọ ọ́, torí pé òun nìkan ló mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ọ̀gá wa ní kí n yí i padà. Mo mú bírò, mo fagi lé "bó bá kú", mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "bó bá ríṣẹ́ tó sàn ju èyí lọ, tó sì kó lọ sí Kánádà".

Gbogbo yàrá ṣe àmín. Tirẹ̀ ló sì pariwo jù.