Ariwo tọ́bò yàtọ̀ sí agbára ẹ́ńjìnnì
Bọ̀dá, ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ yìí ti tàn ká Àkúrẹ́: pé bí a bá yọ fítà afẹ́fẹ́, ìyẹn asẹ́ tó ń dá eruku dúró, kúrò lára ọkọ̀ tó ní tọ́bò (ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì), agbára ọkọ̀ náà á pọ̀ sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ariwo ló ń pọ̀ sí i. Fítà tó mọ́ kì í fún tọ́bò lọ́rùn. Èyí tó dọ̀tí ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Abẹ̀bẹ̀ inú tọ́bò lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Bí kò bá sí fítà, eruku ọyẹ́ tó bá ń gba ibẹ̀ wọlé á máa jẹ ẹ́ létí, á sì dé inú ẹ́ńjìnnì.

Bí ẹ bá ti yọ fítà, ẹ yẹ tọ́bò wò. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti tutù, ẹ tú rọ́bà tó wọ ẹnu tọ́bò, kí ẹ fi ìka ra inú rẹ̀. Bí yanrìn bá wà níbẹ̀, ẹ nu ún mọ́, kí ẹ dá fítà padà kí ẹ tó ṣíná.