Orin tó le jù kọ́ ló ń mú ẹsẹ̀ yá

Èrò ọkàn mi rèé o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sáré láàárọ̀ Sátidé láti Sábó lọ sí Ẹbúté: ọ̀pọ̀ yín ló ń fi orin da ara yín láàmú. Èyí tó gbóná jù lẹ fi ń bẹ̀rẹ̀. Ara ò tíì yá, ìlù ti ń lé e. Kẹ́ ẹ tó dé ìdajì ọ̀nà, ẹ ti ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ìrìn ni ìṣẹ́jú 5 sí 10 àkọ́kọ́. Àpàlà tó ń rọra lọ tó fún un.

Ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi yan orin, ẹ má fi ariwo yàn án. Ẹ máa fọwọ́ gbá itan bá ìlù náà fún ìṣẹ́jú àáyá 15, kẹ́ ẹ sì sọ iye tẹ́ ẹ kà di ìlọ́po 4. Tó bá jẹ́ 30, 120 nìyẹn ní ìṣẹ́jú kan. Ìrìn kánmọ́kánmọ́ ló bá a mu. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sáré sábà máa ń gbé ẹsẹ̀ 150 sí 180 ní ìṣẹ́jú kan, ibẹ̀ sì ni orin ìgbàlódé ti ń jáni kulẹ̀. Púpọ̀ nínú Afrobeats wà láàárín 100 sí 115. Ẹsẹ̀ kan sí ìlù kan, ó falẹ̀ jù. Ẹsẹ̀ méjì sí ìlù kan, ó di 200 sókè, ta ló fẹ́ sá ìyẹn dé Ẹbúté? Ẹ wá èyí tó wà ní 80: ẹsẹ̀ méjì sí ìlù kan, 160 ti pé. Ẹni tó bá fipá bá orin tó falẹ̀ lọ yóò máa na ẹsẹ̀ jìnnà jù, gìgísẹ̀ á máa gbá títì gbì-gbì, orúnkún àti ojúgun ló sì máa jẹ gbèsè rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ẹ má bínú sí mi, fújì ló bá eré gígùn mu jù. Orin kan lè gba ìṣẹ́jú 20 láì dáwọ́ dúró, àwọn onílù sì sábà máa ń ru ú sókè lẹ́yìn ìdajì, ìgbà tí ara ti ń wúwo gan-an. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ki olówó, ẹsẹ̀ á dẹ̀. Ẹ fo ibẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Costas Karageorghis ti Yunifásítì Brunel ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ti pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, sọ pé tí ìlù bá ti kọjá nǹkan bí 140, yíyára rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣàǹfààní mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni tí eré bá le débi pé ẹ ò lè sọ gbólóhùn kan délẹ̀, kò sí orin tó lè mú yín gbàgbé pé ó ti rẹ̀ yín. Ẹ dín eré kù.

Etí kan ni kẹ́ ẹ ki ìyápíìsì sí, kẹ́ ẹ kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ẹ fi etí kejì sílẹ̀ fún ẹ̀yìn, torí kẹ̀kẹ́ Márúwá tó bá gba wan-wéè kì í fun fèrè.